Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá

Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, ọdún 2021, iléeṣẹ́ Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ nípa ogun abẹ́lé rẹ́. Ní ọjọ́ 4, ìjọba kéde, lórí Twitter kan náà, pé àwọn dá ìlò rẹ̀ dúró ní Nàìjíríà. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Iléeṣẹ́ náà ló ṣòfin, òun náà ló dájọ́. Ìjọba tọ ọ̀nà kan náà. Kò sì sí èyí tó bi aráàlú léèrè nínú àwọn méjèèjì. Ní oṣù keje, ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní ìdádúró náà lòdì sófin. Ìdájọ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀ràn ni ó yanjú: ìjọba nìkan ni olùjẹ́jọ́. Agbára tí iléeṣẹ́ àjèjì ní láti pani lẹ́nu mọ́ kò dé iwájú àwọn adájọ́ náà.