ORÚKỌ ILÉ ÀTI ÌJÀ ÒṢÈLÚ NÍ YUNIFÁSÍTÌ IFẸ̀

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ orúkọ àwọn ilé-ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Awólọ́wọ̀, òmíràn ń jẹ́ Akíntọ́lá. Ní 1962 ni ìjà àwọn méjèèjì fọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ní 1963 Awólọ́wọ̀ wọ ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kìíní 1966 àwọn ológun pa Akíntọ́lá.

Oríkì a máa dárúkọ ogun tí akọni jà àti ẹni tí ó bá a jà. Orúkọ ara ògiri kò ṣe bẹ́ẹ̀: ó dá ẹni sí, ó pa ìjà rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ilé méjèèjì dúró ní ọgbọọgba, akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè ohun tí ó dá ìjà náà sílẹ̀.

Ní 1987, lẹ́yìn ikú Awólọ́wọ̀, ìjọba fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo yunifásítì náà. Ọlá náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí òfin ìdásílẹ̀ yunifásítì náà jáde ní 1961, wá di àlejò lábẹ́ òrùlé alátakò rẹ̀. Ìsọlórúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìrántí lásán, ìdájọ́ ni.