Oríkèé àti Ìbòrí Ilé Onígbá

Ilé onígbá, tí òrùlé àti ògiri rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, oríṣi méjì rẹ̀ ni à ń sọ níhìn-ín. Nínú èkíní, igi tútù ni wọ́n ń tẹ̀; nínú èkejì, ọ̀pá títọ́ ni wọ́n ń so pọ̀ ní oríkèé. Àwọn kan lè rò pé ọ̀kan náà ni ahéré Fúlàní àti ilé tí Buckminster Fuller gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1954. Ìrísí ló tàn wọ́n jẹ.

Láàárín ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran, tí màlúù wọn ń dé agbègbè Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Benin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin ló ń kọ́ ahéré, òun náà ló sì ni ín. Yóò ri ẹ̀ka tútù mọ́lẹ̀ yí ká, yóò tẹ orí wọn kí wọ́n pàdé lókè, yóò fi ẹ̀ka mìíràn gbá wọn ní ìbú, yóò sì fi okùn dì wọ́n. Igi tí wọ́n tẹ̀ fẹ́ padà tọ́, ìdè kò gbà fún un. Ibẹ̀ ni agbára ilé náà wà. Bí ìdè kan bá já, àwọn tó kù á gbé e. Labelle Prussin kọ odindi ìwé ní 1995 lórí irú ilé báyìí tí àwọn obìnrin darandaran ń kọ́ ní Áfíríkà. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń ka ahéré náà sí ibùsùn lásán, àfi bí ẹni pé ohun tó bá ṣeé tú kì í ṣe iṣẹ́ ọnà.

Oríṣi kejì, ti Fuller, kì í tẹ igi rárá. Onígun mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí onígun mẹ́ta kì í yẹ̀ bí wọ́n bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kékeré gba ọ̀pá 65: 35 gùn, 30 kúrú. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀ tó mítà 4 láti etí dé etí, gígùn á jẹ́ mítà 1.24, kúkúrú á jẹ́ mítà 1.09, láti àárín oríkèé kan dé àárín èkejì. Oríkèé 26 ló dì wọ́n mú: 6 gba ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, 10 gba mẹ́fà mẹ́fà, 10 tó jókòó sílẹ̀ gba mẹ́rin mẹ́rin. Igi tíìkì dára fún un. Ọparun náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó máa ń là bí wọ́n bá lu ihò bóòtù sí i létí. Dídì ló yẹ ẹ́. Ọ̀pá tó bá kúrú ní sẹ̀ǹtímítà kan péré á ti àṣìṣe náà kiri títí oríkèé ìkẹyìn yóò fi kọ̀ láti pàdé.

Síbẹ̀, egungun ilé kọ́ ni ìṣòro gidi, ìbòrí ni. Onígun mẹ́ta 40 tí ọ̀pá 65 náà dá sílẹ̀ ní ojú ìpàdé púpọ̀, ojú ìpàdé kọ̀ọ̀kan sì lè jò. Lloyd Kahn, tí Domebook 2 rẹ̀ (1971) kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́ yìí, ló fúnra rẹ̀ dá títẹ ìwé náà dúró nígbà tó rí irú ìṣòro yìí, tó sì gbé ìwé mìíràn, Shelter, jáde ní 1973. Àwọn tó ń polówó ilé onígbá kì í sábà dé orí ọ̀rọ̀ jíjò yìí. Ní Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́, níbi tí ìgbà òjò ti máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kò ṣeé fojú fò. Ahéré Fúlàní yanjú rẹ̀ tipẹ́: láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni wọ́n ti ń bò ó, ẹní tàbí koríko òkè sì máa ń gun ti ìsàlẹ̀ lórí, kò sí ojú ìpàdé tó kọjú sí òjò. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí imọ̀ ọ̀pẹ lọ lórí ọ̀pá tíìkì. Òkè téńté, níbi tí omi kì í ti í ṣàn dáadáa, ni kí wọ́n dé ní fìlà ọ̀tọ̀ tó ga ṣóńṣó. Bí wọ́n bá kọ́ ilé náà fún ìbòòji ọmọ ọ̀pẹ tí wọ́n ń tọ́ kí wọ́n tó lọ gbìn ín sóko, fìlà kò pọn dandan. Omi tó bá jò síbẹ̀ kò pa ohunkóhun lára.