Ìbéèrè Kì Í Ṣe Àrífín

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n mo ti dé ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sá fún ìbéèrè.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé sí Èjìgbò tiwa, nítorí náà n kò rí onímọ̀ ìṣirò lẹ́nu iṣẹ́ rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì kan, pè mí wá sí sẹ́mínà ẹ̀ka wọn, inú mi dùn. Sẹ́mínà ni ibi tí ẹni tó ń ṣe ìwádìí ti máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Orí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dára: bí a ṣe lè fi ìṣirò mọ bí ibà ṣe ń ràn láàárín ìlú. Olùbánisọ̀rọ̀ sì múra sílẹ̀. Àmọ́ ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń ka ohun tí ẹ̀rọ ń gbé sára ògiri fún odidi wákàtí kan. Mo rí i pé iye kan náà ló fi ń ṣírò ẹ̀fọn láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ. Ọmọ Èjìgbò wo ni kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ìgbà òjò kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn? Nígbà tí alága ní kí a béèrè ìbéèrè, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi náà dákẹ́. A pàtẹ́wọ́, ó parí.

Lẹ́yìn tí àwọn ọ̀gá ti lọ ni wọ́n pín míìtì-páì àti mínírà. Ìgbà yẹn ni ẹnu là. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fa bírò yọ, ó ń ṣàlàyé lẹ́yìn páálí míìtì-páì pé ìṣirò náà kò bá ojú ọjọ́ mu. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ní ká béèrè?" Ó ní, "Ṣé kí wọ́n lè ní mo fẹ́ dójú ti ọ̀gá ni?"

Ibi tí àríwísí mi wà nìyẹn. Oúnjẹ kò ṣẹ̀ wá rárá. Ní Lwów, tó wà ní Póláǹdì nígbà náà, ilé kọfí ni Stefan Banach àtàwọn onímọ̀ ìṣirò ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pàdé. Láti 1935 ni wọ́n ti ń kọ ìbéèrè tó le sínú ìwé kan níbẹ̀. Ní 1936, Stanisław Mazur kọ ọ̀kan, ó ní ẹni tó bá yanjú rẹ̀ yóò gba ààyè gúùsì, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ. Ní 1972, Per Enflo, ọmọ Swídìn, yanjú rẹ̀, ó sì gba ẹyẹ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, orí tábìlì kan náà ni ìbéèrè àti oúnjẹ wà.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà ọdún Ògìyán, apá méjì ìlú Èjìgbò máa ń fi àtòrì na ara wọn, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀tá tàbí àrífín. Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fi ń bà wá lẹ́rù?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan. Bí wọ́n bá fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ pinnu oṣù tí wọn yóò pín àwọ̀n ẹ̀fọn, ara àwọn ọmọdé ni àṣìṣe náà yóò ti hàn.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ilé àti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń sọ fún ọmọ pé, "Jókòó, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù." Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò gbogbo ìbá jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀. Kí olùbánisọ̀rọ̀ dúró jẹun pẹ̀lú wọn. Kí wọ́n sì máa pe àwa ọmọ ilé-ìwé girama wá.

Bí wọ́n bá tún pè mí, màá dìde, màá kúnlẹ̀ díẹ̀, màá sì wí pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí ẹ̀fọn inú ìṣirò yín kò mọ ìgbà òjò?"