Aago Passepartout

Aago àpò kan wà nínú ìwé Jules Verne tí mo fẹ́ràn ju gbogbo bàlúùnù àti ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀ lọ. Passepartout, ọmọ-ọ̀dọ̀ Phileas Fogg, ló ni ín. Aago ìdílé ni, kì í fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣìnà láàárín ọdún. Nígbà tí wọ́n dé Suez, ẹnìkan sọ fún un pé aago náà ti fi wákàtí méjì rẹ̀yìn, kó yí i bá ti ìlú tó wà mu. Passepartout kọ̀ jálẹ̀. Aago Lọ́ńdọ̀nù ló gbé kúrò nílé, òun náà ni yóò máa gbé kiri. Bí oòrùn bá ta kò ó, oòrùn ló jẹ̀bi.

Ẹ̀rín ni mo fi rín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àṣé kọ́kọ́rọ́ ìwé náà nìyẹn, gbangba ojútáyé ni Verne gbé e sí.

Fogg ta tẹ́tẹ́ pé òun á fi ọgọ́rin ọjọ́ yí ayé ká. Ìlà-oòrùn ló dojú kọ. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ ń lọ pàdé oòrùn lọ́nà, ojúmọ́ ń tètè mọ́ bá a: dígírì kan, ìṣẹ́jú 4. Dígírì 360 ló yí ayé po, ìṣẹ́jú 1,440 sì ni odindi ọjọ́ kan. Nígbà tí Fogg ka ọjọ́ 80, ọjọ́ 79 ni àwọn tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kà. Ó rò pé òun ti pàdánù, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan ṣì wà nílẹ̀ tí kò mọ̀.

Verne tún fún wa lámì kan sí i. Ní November 23, lórí òkun Pàsífíìkì, aago Passepartout àti ti ọkọ̀ bára mu lójijì. Inú ọmọ-ọ̀dọ̀ náà dùn, ó ń yangàn. Nọ́ńbà méjìlá péré ló wà lójú aago náà; ká ní mẹ́rìnlélógún ni, ì bá rí i pé ọ̀sán ti ọkọ̀ ni òru tirẹ̀. Verne sọ èyí fún wa ní tààrà, síbẹ̀ a kà á kọjá!

Nantes ni wọ́n ti bí Verne lọ́dún 1828. Bàbá rẹ̀, agbẹjọ́rò, rán an lọ sí Paris kó lọ kọ́ iṣẹ́ òfin. Eré orí ìtàgé ló gbà á lọ́kàn. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ìpín ìdókòwò, ìdájí ló fi ń kọ̀wé kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ní 1863, atẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Hetzel tẹ ìwé rẹ̀ nípa bàlúùnù tó fò lórí Áfíríkà jáde. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 1905, ó kọ ìwé tó lé ní 50.

Ní Amiens, yàrá kékeré ló ti ń ṣiṣẹ́: ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ṣọ́jà, tábìlì pákó kan. Láti aago márùn-ún ìdájí títí di mọ́kànlá. Pẹ́ńsùlù ló fi ń kọ́kọ́ kọ ọ́, yóò fi ìdajì ojú ìwé sílẹ̀ lófìfo fún àtúnṣe, lẹ́yìn náà yóò fi tàdáwà tẹ̀ lé e lórí. Bí àwọn atẹ̀wé bá fi ohun tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ tún ún kọ, ìgbà mẹ́jọ, ìgbà mẹ́sàn-án. Mi ò ní purọ́, àwọn ojú ewé kan wà nínú ìwé ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀ tí orúkọ ẹja ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Fogg yìí, mi ò rí ohun tí mo lè yọ.

Ìwé ìròyìn Le Temps ló kọ́kọ́ gbé e jáde díẹ̀díẹ̀, láti November 6 sí December 22, 1872. December 21 ọdún kan náà ni tẹ́tẹ́ Fogg yóò pé, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹjú mọ́ aago ara ògiri. Ní ìṣẹ́jú àáyá kẹtàdínlọ́gọ́ta, ìlẹ̀kùn ṣí.