Àlàfo Tó Ń Sọ̀rọ̀: Àmì Ohùn Yorùbá àti Àṣírí Àkókò Ìtẹ̀wé

Ìlérí kan wà tí gbogbo àwa olùwádìí èdè máa ń ṣe fún abẹ́nà ìmọ̀ wa, yálà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́: ohun tí ẹ bá bá wa sọ, ẹlòmíràn kò ní gbọ́ ọ. Ní tèmi, SSH ni mo fi ń wọ kọ̀ǹpútà kan tó wà lókèèrè, orí rẹ̀ ni mo sì ti ń ṣe àdàkọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nítorí pé SSH ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àdììtú kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, mo gbà pé mo ti mú ìlérí náà ṣẹ. Àpilẹ̀kọ tí Dawn Song, David Wagner àti Xuqing Tian gbé jáde ní 2001 ló mú mi tún inú rò. Òun ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ níbí, ní ojú onímọ̀ èdè.

Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí a bá ń tẹ̀wé lórí SSH, ohun tí a tẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nínú pákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà kò lè ka lẹ́tà inú pákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó rí ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá. Bọ́tìnì méjì tí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì pín tẹ̀ sì máa ń yá ju méjì tí ọwọ́ kan ṣoṣo tẹ̀ lọ. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bíi bíìtì 1 ni bọ́tìnì méjì-méjì ń jò síta, àti pé èyí lè mú kí wíwá pásíwọ́ọ̀dù yá ní ìlọ́po 50.

Mo gba èyí. Àríwísí mi ni pé ìka ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn èdè. Pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi dánwò kò ní gírámà, kò sì ní àkọtọ́. Àdàkọ tiwa ní méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Lórí pátákó ìtẹ̀wé tí àmì ohùn ti ń tẹ̀lé lẹ́tà, àmì ní pákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀: ọkọ gba mẹ́ta, ọkọ́ àti ọkọ̀ gba mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kọ̀ gba márùn-ún. Lórí èyí tí àmì ti ń ṣáájú, kọ̀ǹpútà ń dúró de lẹ́tà kó tó fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀, nítorí náà ó yẹ kí àlàfo ibẹ̀ gùn sí i. Bó ti wù kó rí, ohùn àárín tí a kì í fi àmì sí yà sọ́tọ̀ kúrò lára òkè àti ìsàlẹ̀. Aṣọ́nà lè ya ọkọ tó gbé ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń roko, ṣùgbọ́n kò lè ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀.

Pátákó ìtẹ̀wé Faransé tí a ń lò ní Benin tún mú tirẹ̀ wá. À ní bọ́tìnì tirẹ̀ lórí rẹ̀. Á kò ní. Ẹni tó bá tẹ bà tẹ̀ ẹ́ kíá, ẹni tó bá tẹ bá yóò pẹ́ díẹ̀. Níbí, òkè àti ìsàlẹ̀ pàápàá yà. Àpilẹ̀kọ náà kò fún wa ní ọ̀nà kankan láti ṣírò irú èyí.

Ẹnìkan lè sọ pé àlàfo lásán kò lè di ọ̀rọ̀. Dùndún kì í pe kọ́ńsónáǹtì, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ èdè ìlù mọ oríkì rẹ̀, nítorí pé gbólóhùn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Àlàfo ìtẹ̀wé kò tó ìlù í sọ. Ṣùgbọ́n àdàkọ wa kún fún oríkì, ìkíni, ìwúre àti orúkọ ìlú, èyí tí aṣọ́nà lè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kó sì máa fi wé ohun tó rí.

Ní 2023, OpenSSH 9.5 mú ààbò wá. Ó ń fi pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ ní àlàfo tó dọ́gba, ní mìlísẹ́kọ́ǹdì 20 síra wọn, ó sì ń fi ìtẹ̀ èké kún un fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀ gidi tó kẹ́yìn. Ọgbọ́n náà dára, nítorí kò béèrè irú èdè tí a ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wọ inú rẹ̀: láti 9.5 dé 9.7, aṣọ́nà ṣì lè mọ pákẹ́ẹ̀tì tó gbé ìtẹ̀ gidi. Ẹ̀dà 9.8, ní 2024, ló tún un ṣe. Ẹ wo ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì wo ti ibi tí ẹ ń wọ̀.

Ní tèmi, mo ti yí ìṣe padà. Orí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi ni mo ti ń ṣe àdàkọ tán, kí n tó fi fáìlì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aṣọ́nà lè mọ bí fáìlì ṣe tóbi tó. Kò lè mọ bí ìka mi ṣe rìn. Iṣẹ́ tó kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni kí wọ́n wọn àlàfo yìí lórí Yorùbá gidi, pẹ̀lú àmì ohùn àti láìsí i. Títí di ìgbà náà, kí a má ṣe sọ fún abẹ́nà ìmọ̀ pé àdììtú nìkan tó láti pa àṣírí rẹ̀ mọ́.