Ẹ kú iṣẹ́ kọ́ ni "bem feito": Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí alágbàtà láàárín Yorùbá àti Potogí

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà nínú orúkọ Ọjà Igbó. Ẹni tó dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í dúró rò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ ibi tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi orúkọ yìí rán ara wa níṣẹ́. Ká ní ẹnì kan wà ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, tó fẹ́ mọ ohun tí Ọjà Igbó jẹ́ ní èdè Potogí tó ń sọ. Ọ̀nà tó sábà máa ń yá wa ni ká kọ́kọ́ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, "Bush Market", kí ẹlòmíràn tó wá sọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn di Potogí.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. "Bush" lẹ́nu òyìnbó lè jẹ́ igbó, ó sì lè jẹ́ igi kúkúrú kan ṣoṣo tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Potogí ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: "mato" ni igbó, "arbusto" ni igi kúkúrú yẹn. Bí ẹni tó ń túmọ̀ bá mú èkejì, Ọjà Igbó á di "mercado de arbustos", ibi tí wọ́n ti ń ta igi tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tó bá sì gbà á bíi tàwọn ọmọ àdúgbò, tó rántí pé igbó tún ni orúkọ ohun táwọn kan ń fà, á sọ ọjà ńlá di ibi tó yẹ kí ọlọ́pàá máa yọjú sí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ.

"Market" náà ní tiẹ̀. Potogí ya "mercado" sọ́tọ̀ kúrò lára "feira". "Feira" ni ọjà gbangba tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ tó bá pé. Orúkọ yẹn náà ló wà lára ọjọ́ wọn: Ajé ni "segunda-feira", Ẹtì ni "sexta-feira". Àwa náà tó jẹ́ pé ọjà làwọn baba wa fi ń ka ọjọ́, tí a ní ọjà ọrọọrún àti ìtàdógún, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wa létí. Ṣùgbọ́n bí a bá gba inú "market" kọjá, a ò ní rí i.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ nìyí: àṣà pé kí Yorùbá tó bá Potogí sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà láàárín. Alágbàtà ni Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. A kì í bú alágbàtà lọ́jà, ó ń ran èèyàn lọ́wọ́. Àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó bá gba ọwọ́ alágbàtà kọjá, iye rẹ̀ kì í jẹ́ iye tí olóko pè é mọ́.

Báwo la ṣe débí? Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n sì tà á sínú ọkọ̀ àwọn Potogí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Esperança Felix. Ní 1822 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró, tí wọ́n sì gbé àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sierra Leone. Ká ní ọkọ̀ yẹn sọdá òkun ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Potogí ni Àjàyí ì bá fi kọ́ ìwé, bó bá tiẹ̀ rí ìwé kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ló fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ìwé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ jáde ní 1843. Láti ìgbà náà, ojú Gẹ̀ẹ́sì ni atúmọ̀ èdè wa sábà máa ń kọ sí.

Ògbómọ̀ṣọ́ náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìlú náà ní 1855. Ní 1858, ilé-iṣẹ́ Smithsonian tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣàlàyé rẹ̀. Ní nǹkan bí 1860, Bowen tún gbéra, ó lọ sí Rio de Janeiro. Ọ̀kan lára ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun á fi Yorùbá tí òun kọ́ níbí bá àwọn Yorùbá tó wà lóko ẹrú níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ ò yá, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn náà: òyìnbó tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ rí i pé Yorùbá fúnra rẹ̀ lè sọdá òkun. Àwa tó ni èdè la wá ń wá ẹni tó máa gbé e dá omi.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, torí ibẹ̀ ni alágbàtà ti ń gba èrè rẹ̀ láìsí ẹni tó ń rí i.

"Ẹ kú iṣẹ́." Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ là ń kí bẹ́ẹ̀. Kò kàn wá bóyá iṣẹ́ náà dára, kò kàn wá bóyá ó ti parí. Nàìjíríà sọ ọ́ di "well done". Lọ́wọ́ àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, "well done" ni ìyìn fún iṣẹ́ tó ti parí, òun náà sì ni ẹran tó jiná dénú. Tó bá dé Potogí, ẹran tó jiná á di "bem passado". Èyí tó kù ni "bem feito", ibẹ̀ sì léwu jù. Lóòótọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa ni "bem feito". Ṣùgbọ́n bí o bá dá a sọ lójú ẹnì kan, láìfi nǹkan míì kún un, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni "ó tọ́ sí ẹ", bí ìgbà tí ọmọ tí wọ́n ní kó má sáré bá ṣubú. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó dé Salvador, tó rí ìyá tó ń dín "acarajé", àkàrà wa náà ni, tó sì fẹ́ fi ọ̀wọ̀ kí i lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní "Bem feito!" Ìyá á gbójú sókè, á máa wò ó pé kí lòun ṣe fún un. Bẹ́ẹ̀ "Bom trabalho" wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Yorùbá àti Potogí fẹ́ pàdé, Gẹ̀ẹ́sì ló dúró sáàárín wọn.

"Pẹ̀lẹ́." Tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ara ìyá òun ò yá, wàá ní "pẹ̀lẹ́". Tó bá jẹ́ ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, wàá ní "jọ̀ọ́, má bínú". Ìkẹ́dùn ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ ni ti èkejì. Gẹ̀ẹ́sì rọ méjèèjì sínú "sorry". Potogí tún yà wọ́n padà: "sinto muito" fún ìkẹ́dùn, "desculpe" fún ẹ̀bẹ̀. Bí ìtumọ̀ bá gba inú "sorry" lọ, tó sì bọ́ sọ́wọ́ "desculpe", ẹni tó wá báni kẹ́dùn á di ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Àbí ìwọ lo kó àìsàn ran ìyá wọn?

Ẹ wo "play". Àwa a máa gbá bọ́ọ̀lù, a máa ta ayò, a máa lu ìlù, ọmọdé a sì máa ṣeré. Potogí ní "jogar" fún bọ́ọ̀lù àti ayò, "tocar" fún ìlù, "brincar" fún eré ọmọdé. Wọ́n ya ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀nà tó sún mọ́ tiwa ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. "Wear" náà ńkọ́? A máa ń dé fìlà, a máa ń wé gèlè, a máa ń ró ìró, a máa ń wọ bùbá. Potogí ní "vestir" fún aṣọ, ó ní "calçar" fún bàtà. Àwọn ìpín náà ò bára mu pátápátá, torí "wọ" wa gba bùbá, ó gba bàtà. Àmọ́ èdè méjèèjì ló ń béèrè pé ibo lára ni nǹkan ọ̀hún ń lọ. "Wear" kò béèrè nǹkan kan.

Èyí tó dùn mí jù ni "ẹ". Ọmọ kí ìyá àgbà: "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Gẹ̀ẹ́sì ní "you" kan ṣoṣo, tọmọdé tàgbà ló ń lò ó fún. Láti inú "you", Potogí Bùràsíìlì á mú "você", èyí tí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ń lò. Bẹ́ẹ̀ "a senhora" wà níbẹ̀ fún ìyá àgbà. Ọ̀wọ̀ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò, tó sì láyè ní òpin rẹ̀, ojú ọ̀nà ló bọ́ sí.

"Ó dé" náà wà níbẹ̀. A ò sọ pé ọkùnrin ni, a ò sọ pé obìnrin ni. Gẹ̀ẹ́sì ò ní gbà: "he" ni àbí "she"? Ẹni tó ń túmọ̀ á méfò, èyí tó bá sì mú ló máa wọ Potogí lọ, "ele" tàbí "ela". Bẹ́ẹ̀ Potogí lè sọ "Chegou" lásán, láìdárúkọ ẹni tó dé rárá. Ìbéèrè tí Yorùbá ò béèrè, tí Potogí náà lè fi sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dandan lé e.

Kí n má purọ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Ìgbà míì wà tí alágbàtà ń ṣiṣẹ́ gidi. "Ẹsẹ̀" wa gba láti itan dé ọmọ ìka. Gẹ̀ẹ́sì yà á sí "leg" àti "foot", Potogí náà yà á sí "perna" àti "pé", nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì á ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìgbà míì sì wà tí àwa àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà: "mo mọ Ògbómọ̀ṣọ́" àti "mo mọ̀ pé wọ́n ń ná ọjà lónìí", ọ̀rọ̀ kan ni lọ́dọ̀ wa, "know" kan ni lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Potogí á ní "conheço" fún ìlú, "sei" fún ọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi" sì máa ń dá gbogbo wọn láàmú, torí Potogí gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Kò sí ọ̀nà tó lè fo ìyẹn. O gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan lè ní: ṣebí wọ́n á ṣáà gbọ́ra wọn yé? Lójúkojú, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá alákàrà á rí ẹ̀rín lójú ọmọ náà, á mọ̀ pé kò ní i lọ́kàn láti bú òun. Ṣùgbọ́n ìwé ò ní ojú, fóònù ò ní ojú. Láti oṣù Kejìlá 2013 ni Google Translate ti ń gba Yorùbá. Ẹni tó jókòó sí Recife tó tẹ gbólóhùn Yorùbá kan síbẹ̀, ohun tó bá rí ló máa gbà pé a sọ. Kò sí ẹni tó máa jókòó tì í láti ní "rárá o, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn."

Gbogbo wa la ti gbọ́ ariwo lórí Èṣù. Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884 lo orúkọ yẹn fún ọ̀tá Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ sì gbé e gba inú "devil" débi "diabo", nílẹ̀ tí àwọn tó ń bọ Exu ti mọ̀ ọ́n sí ìránṣẹ́ tó ń ṣí ọ̀nà. Ó tọ́ ká pariwo. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ńlá ní ẹni tó ń gbèjà rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́" ò ní. "Ẹ" ò ní. Kò sẹ́ni tó máa gbé háṣítáàgì dìde nítorí "ẹ kú iṣẹ́". Bẹ́ẹ̀, inú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí gan-an ni ìwà wa ń gbé: bí a ṣe ń kíni, bí a ṣe ń báni kẹ́dùn, bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fágbà. Èèyàn lè mọ orúkọ gbogbo òrìṣà ní Bahia, kó má mọ bí a ṣe ń kí ìyá tó ń lọ ata.

Ọ̀nà tààrà wà, àwọn kan sì ti ń tọ̀ ọ́. Ní Salvador, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ CEAO sílẹ̀ ní 1959 lábẹ́ Yunifásítì Bahia, ibẹ̀ sì ni Ebenezer Latunde Lasebikan láti ilẹ̀ Yorùbá ti kọ́ wọn ní Yorùbá. José Beniste tẹ atúmọ̀ èdè Yorùbá sí Potogí jáde ní 2011. Iṣẹ́ náà kò tíì tó. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí lórí fóònù, tẹ́ ẹ lè bá ọmọ Bùràsíìlì sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é, ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan wá ọ̀rọ̀ kan. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wá ọ̀rọ̀. Ẹ má béèrè pé "kí ni Potogí ń pe pẹ̀lẹ́?" Ẹ ní: "Tí ara ìyá ọ̀rẹ́ rẹ ò bá yá, kí lo máa sọ fún un?" Ẹ kọ gbólóhùn tó bá sọ sílẹ̀, ẹ kọ ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ti Gẹ̀ẹ́sì ti là tipẹ́, kò sẹ́ni tó máa dí i. Èyí tó lọ tààrà ló yẹ ká máa ro báyìí, kí koríko má baà bò ó.