Èdè Inú Àpò Ọ̀rọ̀: Àgbéyẹ̀wò Àfihàn Ìtàn Alàwòrán ní Brussels

Láti ọdún 1989 ni ilé ìṣẹ̀m̀báyé ìtàn alàwòrán ti wà ní Brussels, nínú ilé ìtajà aṣọ àtijọ́ tí Victor Horta ya àwòrán kíkọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ ibẹ̀ wò yóò gbà pé wọ́n mọyì ayàwòrán. Ojú ewé tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà wà lábẹ́ dígí. Àlàyé sì wà ní èdè Faransé, Dutch àti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ojú ewé tí a há mọ́ ògiri ti di ohun wíwò, kì í ṣe ohun kíkà mọ́. Ìbéèrè onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni pé: irú èdè wo ni wọ́n fi sí ẹnu ẹ̀dá-ìtàn, ta ló sì yàn án fún un?

Ẹ jẹ́ kí a wo Tintin au Congo tí Hergé kọ. Inú Le Petit Vingtième, àfikún ìwé ìròyìn fún àwọn ọmọdé, ló ti kọ́kọ́ jáde ní 1930 sí 1931. Ní 1946, Hergé tún un yà ní aláwọ̀. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, Tintin ń kọ́ àwọn ọmọ Kóńgò pé Bẹ́ljíọ̀mù ni ilẹ̀ baba wọn. Nínú ẹ̀dà kejì, ẹ̀kọ́ ìṣirò ló rọ́pò èyí. Ohun tí kò yí padà ló kàn wá jù. Àwọn ará Kóńgò ṣì ń sọ Faransé tí a dá lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Milou, ajá Tintin, ń sọ Faransé tó yanjú. Wọ́n tún ẹ̀kọ́ ṣe, wọn kò tún gírámà ṣe. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde fún ọmọdé tó ń kà á, gírámà ti sọ ọ́ fún un.

Kò túmọ̀ sí pé Faransé ilé-ìwé nìkan ló bójú mu. Ní 2005, Marguerite Abouet, ọmọ Côte d'Ivoire, àti Clément Oubrerie gbé Aya de Yopougon jáde. Ó gba ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ ní Angoulême ní 2006. Faransé Abidjan wà lẹ́nu àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, àlàyé ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́yìn ìwé fún àlejò. Níbẹ̀, òǹkàwé ni àlejò, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìwé méjèèjì nìyí.

Àwa náà ní ẹ̀rí nílé. Atọ́ka, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà sọ ìtàn, Yorùbá ló sì kọ sínú àpò ọ̀rọ̀ wọn.

Àbá wa ni pé kí irú àfihàn báyìí máa gbé ẹ̀dà méjèèjì ka orí tábìlì kan náà, kí ọmọdé lè ṣí wọn, kí ó kà wọ́n sókè, kí ó sì gbọ́ ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni láti kọ àlàyé tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún olùtọ́jú àwòrán nìkan, àwòrán nìkan ni yóò tọ́jú.